Màmá Ti Lọ Sinmi

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí owú ṣe ń ṣe ènìyàn, kó ní àbúrò kan ní ìlú Ọba, kí òun fúnra rẹ̀ sì máa gbé Lomé. Nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí wọ́n bá ní ọmọ àwọn ń bẹ lókè òkun, Mọ́rẹ́nikẹ́ àbúrò mi ni wọ́n ń sọ. Èmi tí mo ti kúrò nílé láti ọdún méjìlélógún, tí mo kọjá ẹnubodè méjì kí n tó débi tí mo wà, wọ́n á kàn fọwọ́ júwe pé, "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbí, ní Tógò." Ẹ gbọ́ o, níbí. Ẹni tó bá gbọ́ wọn á rò pé ẹ̀yìnkùlé wa ni Tógò wà, pé bí wọ́n bá pè mí láti ìdí àrò, màá dáhùn.

N kì í ṣe ènìyàn búburú. Mo fẹ́ràn àbúrò mi, ẹ̀yìn mi ló gbé dàgbà. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ àti owú lè jọ sùn lórí ẹní kan, mo ti rí i nínú ara mi.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Lomé, ojú mi rí nǹkan. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tó ń ta ohun èlò ilé kíkọ́ ni mo dé sí, òun ló sì fi mí sídìí òwò. Ó kó àgádágodo kún abọ́ ńlá kan, ó ní kí n máa kiri wọn láti Ablogamé títí dé Adakpamé. N kò gbọ́ Faransé, n kò gbọ́ Mina. Obìnrin kan pè mí, ó ní òun fẹ́ ra kadená. Mo mi orí, mo ní n kò ní in, mo sì bá tèmi lọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń sọ fún àwọn oníbàárà pé n kò ní ohun tí mo rù sórí, kí ẹnì kan tó fìka kan àgádágodo, kó ní, "Kadená nìyí ná."

Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbàlagbà kan pè mí wọ inú ọgbà rẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ kí i bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Ìyá náà fò dìde. Ó rò pé òòyì ló kọ́ mi. Ó ní kí wọ́n sáré bu omi wá, àwọn ará ilé tú síta, ẹnì kan ń fẹ́ mi ní abẹ̀bẹ̀, ẹnì kan ń tú gèlè mi. Èmi sì wà lórí ìkúnlẹ̀, n kò mọ ọ̀rọ̀ tí màá fi sọ fún wọn pé mo ń kí wọn ni. Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé mo ti kúrò nílé lóòótọ́.

Wọn kì í pe orúkọ mi nígbà náà. Anago ni wọ́n ń pè mí, orúkọ tí wọ́n fi ń pe gbogbo Yorùbá pátá. Nílé, mo ní orúkọ, mo ní oríkì, àwọn ìyàwó ilé sì ní orúkọ tí wọ́n yàn fún mi. Ní Lomé, mo di ẹ̀yà kan odindi, n kò sì jẹ́ ẹnikẹ́ni. Ó máa ń ṣe mí bíi kí n dúró láàárín ọjà kí n máa ki ara mi.

Ọjọ́ Àìkú nìkan ló ń tù mí nínú. Bí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, màá lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń pe tẹlifóònù, kabín ni wọ́n ń pè é, màá sì pe fóònù tíṣà kan ní àdúgbò wa nílé. Màmá á ti jókòó síbẹ̀ dè mí, àwọn ẹbí á sì yí wọn ká. Èmi ni ìròyìn wọn nígbà yẹn. Mo ń sọ fún wọn bí òkun ṣe ń jẹ ilé àwọn ènìyàn díẹ̀díẹ̀, bí àwọn obìnrin ṣe ń gun alùpùpù tí wọ́n di odidi ìsọ̀ sẹ́yìn rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fi búrẹ́dì gígùn há abíyá bí ẹni há agboòrùn. Màmá á máa tún un sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn, màá sì gbọ́ tí gbogbo wọn á ní "Háà." Háà yẹn ni mo fi ń gbé ọ̀sẹ̀ kan dé òmíràn.

Nígbà tó yá, Mọ́rẹ́nikẹ́ lọ sí ìlú Ọba, fóònù onífọ́tò sì dé ọwọ́ gbogbo wa. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin, Bọ̀dá Délé tó ń gbé Ìbàdàn, dá ojú òpó kan sílẹ̀ fún ẹbí, ó sọ ọ́ ní Agbo Ilé. Àwa bí àádọ́rin la wà níbẹ̀, ọmọ ìyá, ọmọ bàbá, ìyàwó, àna, àti àwọn tí n kò mọ bí wọ́n ṣe bá wa tan. Ẹni tó bímọ á sọ, ẹni tó yege ìdánwò á sọ, ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ bí ìbejì náà á ya fọ́tò. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Mo ń gbé ohùn mi sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú bí ti àtijọ́, mo ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Oṣù kẹjọ nìkan ni mo kórìíra. Oṣù kẹjọ, Mọ́rẹ́nikẹ́ ló ni ojú òpó náà. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń gba họlidé lọ́dọ̀ wọn, tí oòrùn ń ràn, tí wọ́n ń rìnrìn àjò kiri. Ọdún mẹ́rin ló fi mú Màmá lọ síbẹ̀, fọ́tò wọn kò sì jẹ́ kí n gbádùn. Màmá dé fìlà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ létí òkun. Màmá wọ ọkọ̀ ojú irin. Màmá mú áísìkiriìmù lọ́wọ́, ó ń yọ́ sí wọn lápá. Gbogbo ẹbí á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Màmá wa ti di òyìnbó, Mọ́rẹ́nikẹ́ o kú ìtọ́jú, ọmọ rẹ yóò tọ́jú rẹ. Ní oṣù kẹjọ kan náà, ojú ọ̀run Lomé á ṣú, afẹ́fẹ́ tútù á máa fẹ́ láti orí omi, a ó sì máa wọ súẹ́tà. Mo kó àwọn ọmọ mi lọ sétí òkun lọ́dún kan, mo ya fọ́tò wọn, mo fi ránṣẹ́. Ọmọ àbúrò Màmá kan ló dáhùn. Ó ní, "Ṣé Èkó lẹ wà ni?"

Mo ń bẹ Màmá pé kí wọ́n wá sọ́dọ̀ mi náà. Wọ́n á ní, "Mo ń bọ̀, ọmọ mi, jẹ́ kí òjò dá." Òjò dá, òjò tún rọ̀, wọ́n sì wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ bá Mọ́rẹ́nikẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin.

Kì í ṣe pé èmi náà jókòó lásán. Mo ti kúrò lórí kíkiri, mo ní ìsọ̀ tèmi, àgádágodo, ìdè ilẹ̀kùn, gbogbo ohun tí ènìyàn fi ń ti ilé. Mo lè fi Faransé bá òṣìṣẹ́ ìjọba jà kí n sì borí. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ra ilẹ̀ ní Légbassito, lẹ́yìn ìlú, níbi tí àwọn ènìyàn ṣì ń dá oko ẹ̀gẹ́ láàárín ilé tuntun. A kọ́ yàrá méjì síbẹ̀, a kan òrùlé. Lọ́jọ́ tí a kàn án, mo gbé fọ́tò rẹ̀ sójú òpó. Ẹni mẹ́ta ló fi àtàǹpàkò dá mi lóhùn. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni Mọ́rẹ́nikẹ́ pààrọ̀ àga pálọ̀ rẹ̀, n kò lè ka iye àwọn tó kí i.

Kì í ṣe ìlú Ọba ni mo ń jowú. Òtútù ibẹ̀ kò wù mí. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí Màmá wá jókòó lórí àga mi, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i pé mo ní àga. Ìlú tí ìyá ènìyàn kò bá tẹ̀ rí, bí ènìyàn gbé ibẹ̀ fún ogún ọdún, ó dà bíi pé ó ṣì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ni. Àwọn ará Lomé ń pè mí ní Anago, àwọn ará ilé ń pè mí ní ará Tógò. Mo fẹ́ kí ẹnì kan wá so méjèèjì pọ̀ fún mi, n kò sì rò pé ẹlòmíràn lè ṣe é yàtọ̀ sí Màmá.

Ọdún tó kọjá ni Bọ̀dá Délé pè mí, ó ní físà Màmá kò jáde, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ni wọn yóò ti lo oṣù kẹjọ. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ṣìpẹ̀ fún mi. Mo dúpẹ́, mo gbé fóònù sílẹ̀, inú mi dùn, lẹ́yìn náà ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Àjẹkù Mọ́rẹ́nikẹ́ ni wọ́n fẹ́ gbé fún mi. Síbẹ̀ náà, mo gbá ilé wa ní Adakpamé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan.

Màmá dé, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ ju bí mo ṣe rí wọn kẹ́yìn lọ. Tèmítọ́pẹ́ ọmọ mi, tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, jáde síta, ó na ọwọ́ sí wọn, ó ní, "Bonne arrivée, Mémé," ìyẹn ni pé ẹ káàbọ̀, ìyá àgbà. Màmá wo ọwọ́ náà bí ẹni wo ọjà tí kò béèrè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbà á, wọ́n sì wo ojú mi. Mo yára kúnlẹ̀ kí wọn, mo fi ti ọmọ mi kún un. Ìtìjú mú mi. Mo ń rò ó lọ́kàn pé àwọn ọmọ Mọ́rẹ́nikẹ́ náà kì í kúnlẹ̀, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò ráhùn nípa tiwọn.

Ọjọ́ mẹ́ta la lò ní Adakpamé. Àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń ti pọ́ọ̀tù bọ̀ ń mi fèrèsé wa tìtì, eruku ń mú Màmá húkọ́. Wọn kò wí nǹkan kan, èmi ni mò ń bá wọn wí i lọ́kàn ara mi. Bí wọ́n bá wo fáànù mi, mo gbà pé pálọ̀ Mọ́rẹ́nikẹ́ ni wọ́n rántí. Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo bi wọ́n pé ṣé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dára ju ọ̀dọ̀ mi lọ ni. Wọ́n ní, "Ibẹ̀ wà lọ́tọ̀, ibí wà lọ́tọ̀." Ìdáhùn náà kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo kó wọn lọ sí Légbassito, èmi àti Tèmítọ́pẹ́ àti àbúrò rẹ̀ méjì. Ibẹ̀ ni ara Màmá ti rọ̀. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, wọ́n wo ẹ̀gẹ́ aládùúgbò wa yíká, wọ́n ní ilẹ̀ náà dára. Wọ́n mú ọ̀bẹ kí wọ́n bá mi bẹ iṣu, mo gbà á lọ́wọ́ wọn, mo ní kí wọ́n jókòó. Mo fún wọn ní àbọ́lò, oúnjẹ àgbàdo tí wọ́n ń jẹ ní Lomé, àti ẹja díndín, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n tún béèrè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n na ara lórí ẹní lábẹ́ igi dóńgóyárò, oorun sì gbé wọn lọ. Mo ya fọ́tò mẹ́sàn-án.

Mo ṣí fóònù láti fi wọ́n ránṣẹ́, ni mo bá rí i pé Mọ́rẹ́nikẹ́ ti ṣáájú mi. Ó ti gbé fọ́tò àwọn ọmọ rẹ̀ síta, wọ́n wà létí òkun lọ́hùn-ún, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé họlidé ọdún yìí kò dùn láìsí Màmá. Gbogbo Agbo Ilé ti ń bá a kẹ́dùn. Màmá wà lórí ẹní mi, Mọ́rẹ́nikẹ́ ni wọ́n ń kí. Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Mo ní lónìí, màá kọ ọ̀rọ̀ tí yóò wọ̀ wọ́n lára, ojúlówó Yorùbá, kì í ṣe èyí tí wọ́n bu Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Ohun tí mo kọ nìyí:

"Ẹ̀yin ẹbí mi, Màmá wa ti lọ sinmi lọ́sàn-án yìí. Ilé làbọ̀ sinmi oko. Ibi tó dákẹ́ rọ́rọ́ ni wọ́n wà, kò sí ariwo, kò sí wàhálà mọ́. Èmi àti àwọn ọmọ la wà lọ́dọ̀ wọn. Fọ́tò ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á báyìí ti rí ohun tí mo ṣe. Èmi kò rí i. Ní Lomé, láti ìgbà tí ilé ìwé bá ti padé, gbogbo ènìyàn ló ń lọ sinmi. Ẹni tó lọ sí abúlé, ó lọ sinmi. Ìyá tó wà ní ìsọ̀ kejì sí tèmi tó lọ kí ọmọ rẹ̀, wọ́n á ní elle est partie se reposer, èmi náà á sì túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn Yorùbá ẹgbẹ́ mi pé ó ti lọ sinmi, kò sì sí ẹni tó máa ń bú sẹ́kún. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń yangàn pé èdè mi kò yingin. Èmi tí mò ń ta kọ́kọ́rọ́ fún gbogbo ìlú kò mọ̀ pé èdè mìíràn ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé tọ̀ mí wá.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Légbassito kò lágbára. Ọ̀rọ̀ náà lọ, fọ́tò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ń yí bírí, wọn kò lọ. Iná fóònù sì ti fẹ́ tán, a kò tíì fa iná mànàmáná wọ ilé náà. Mo gbé fóònù fún aládùúgbò wa tó ní iná olóòrùn pé kó bá mi fi sí i, mo padà sídìí ìkòkò mi. Mo ń kọrin.

Nígbà tó di bí aago mẹ́rin, mo lọ gba fóònù náà. Bí mo ṣe tàn án, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ mi, kò dáwọ́ dúró. Ọ̀rọ̀ tó ti wọlé lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹ máa bá mi rẹ́rìn-ín, ayọ̀ ló kún inú mi. Mo ní wọ́n ti gbọ́ tèmi lónìí. Mo ní Mọ́rẹ́nikẹ́ ti rí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ojú mi bọ́ lé, àbúrò bàbá wa ló kọ ọ́, ó ní, "Kí Ọlọ́run tẹ́ Màmá sí afẹ́fẹ́ rere." Mo gbójú sókè wo igi dóńgóyárò náà, ewé rẹ̀ ń mì, mo sì ní lọ́kàn mi pé òótọ́ ni, afẹ́fẹ́ ibí yìí dára.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni, "Sùn-ún re o, ìyá rere." Ibẹ̀ ló ti yé mi pé òkú ni wọ́n fi Màmá pè.

Mo kà wọ́n sílẹ̀, mo kà wọ́n sókè. Bọ̀dá Délé ti kọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ìròyìn náà síta títí tí òun yóò fi rí mi bá sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ti gbé e síta. Wọ́n ti lọ sọ fún pásítọ̀. Àwọn kan ti lọ tún ẹ̀gbẹ́ ibojì Bàbá ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹyin lohùn lóòótọ́, èyí tí mo jù sílẹ̀ ti fọ́ dé ìlú mẹ́ta. Tèmítọ́pẹ́ wá dúró lẹ́yìn mi, ó ka ohun tí mo kọ, ó sì ní, "Maman, kí ló burú níbẹ̀? Mémé ń sinmi kẹ̀."

Láàárín gbogbo rẹ̀ ni mo rí ohùn Mọ́rẹ́nikẹ́. Kò gbé e sójú òpó, èmi nìkan ló fi ránṣẹ́ sí. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ti sunkún títí ohùn rẹ̀ ti há.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ yín ni Màmá kú sí. Ẹ̀yin náà ni wọ́n yàn. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń mú wọn wá síbí, mo ń ya fọ́tò wọn kiri bíi pé fọ́tò ló ń sọ ènìyàn di ọmọ. Orúkọ yín ni wọ́n fi ń pè mí. Bí wọ́n bá jí láàárọ̀, orúkọ yín ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè, kí wọ́n tó rántí pé èmi ni. Mo ti ń jowú yín láti kékeré, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sin wọ́n kí n tó dé."

Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí, n kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó yẹ kí n pe àbúrò mi lójú ẹsẹ̀. Màmá kò kú, wọ́n ń hanrun lábẹ́ igi, ó kù díẹ̀ kí n fọwọ́ kàn wọ́n. Àbúrò mi ń sunkún òkú tí kò sí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì tún ohùn náà tẹ̀. Mo tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Mo ń dúró de ibi tó ti ní òun ń jowú mi, bí ó bá ti dé ibẹ̀, n kò fẹ́ kó kọjá. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo rò pé èmi nìkan ló ń jẹ ìyà náà. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta ni ojú tì mí, tí mo sì wá ìka tí mo fi kọ ọ́ pé Màmá wà láàyè, wọ́n ń sùn ni, kí ẹbí foríjì mí.

Mo pe Bọ̀dá Délé. Ó bi mí bóyá mo máa ń ka ohun tí mo bá kọ. Mo ní mo kà á. Ó ní ìyẹn ló tún burú jù.

Nígbà tí Màmá jí, mo kúnlẹ̀, mo rò fún wọn. Mo ti múra de èébú. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n jókòó dáadáa, wọ́n fa ìró wọn mọ́ra, wọ́n sì ní, "Gbé e wá, jẹ́ kí n gbọ́ bí wọ́n ṣe sunkún mi."

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ta ló máa ń rí irú ẹ̀? Gbé e wá."

A jókòó lábẹ́ igi, mò ń tẹ ohùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá ń gbọ́ ọ bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Wọ́n ní èyí sunkún dáadáa. Wọ́n ní tọ̀hún, ariwo rẹ̀ pọ̀ ju omijé rẹ̀ lọ, òkú ń sunkún òkú, akáṣolérí ń sunkún ara wọn. Wọ́n bi mí pé ìyàwó Délé dà, mo ní kò gbé ohùn sílẹ̀, ó kọ̀wé ni. Wọ́n mi orí, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Àwọn ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín títí ìbàdí fi ń dùn mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Mọ́rẹ́nikẹ́ ńkọ́?"

N kò fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Tèmi ni. Ṣùgbọ́n ojú wọn kò kúrò lára mi, mo sì tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin, wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ lọ ṣeré lọ́hùn-ún.

"Físà tí wọ́n ní kò jáde yẹn," ni wọ́n wí, "èmi ni n kò lọ tẹ̀ka. Lọ́jọ́ tó yẹ ká lọ, mo sọ fún Délé pé ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé.

"Iṣẹ́ ni mò ń lọ ṣe níbẹ̀. Bí ilé ìwé bá ti padé, tí kò sí ẹni tí yóò ṣọ́ àwọn ọmọ, ìgbà yẹn ni wọ́n ń rántí mi. Mo ń jí, mo ń se oúnjẹ, mo ń fọ aṣọ, mo ń dúró lẹ́nu ọ̀nà dè wọ́n. Ọjọ́ tí wọn ò bá lọ síbi iṣẹ́ ni wọ́n ń gbé mi lọ sétí òkun lọ ya fọ́tò. N kò bínú sí i, ọmọ mi ni, ìlú náà le fún un. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí. Mo ní lọ́dún yìí, màá lọ síbi tí wọn ò ní jẹ́ kí n gbé ìgbálẹ̀."

Wọ́n tún dùbúlẹ̀ bí ẹni tí kò sọ ohun kan tó ṣe pàtàkì. Èmi jókòó síbẹ̀, inú mi dùn débi pé ẹ̀rù ń bà mí. Kì í ṣe àjẹkù ni mo jẹ. Èmi ni wọ́n yàn, wọ́n sì purọ́ kí wọ́n tó lè yàn mí. Mo ti ń ronú bí màá ṣe sọ ọ́ fún Mọ́rẹ́nikẹ́, kì í ṣe lójú òpó o, lẹ́ẹ̀kan péré, kó kàn bọ́ lẹ́nu mi bíi pé n kò mọ̀ọ́mọ̀. N kò ní pẹ́ sọ ọ́. Mo fẹ́ kó gbọ́ ọ bí èmi náà ṣe gbọ́ "Ibí dára o" lẹ́nu Màmá lórí fóònù láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní gbogbo oṣù kẹjọ mẹ́rin yẹn.

Fóònù dún. Òun ni. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti di ẹrù òun tán, ó ní ọkọ òun ti ń wá tíkẹ́ẹ̀tì. Ó bú mi díẹ̀, ó tọrọ àforíjì pé òun bú mi. Ó gbọ́ ohùn Màmá, ó kí wọn, wọ́n súre fún un, wọ́n dá fóònù padà fún mi. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọ́n gbọ́ ohun tí mo sọ?"

Mo ní wọ́n gbọ́.

"Kí ni wọ́n wí? Ọ̀rọ̀ físà yẹn ń dà mí láàmú. Ó ń ṣe mí bíi pé wọn ò fẹ́ wá sọ́dọ̀ mi mọ́ ni."

Màmá ti ṣí ojú. Mo gbọ́ bí Mọ́rẹ́nikẹ́ ṣe ń mí nínú fóònù, ó ń dúró dè mí, bó ṣe máa ń dúró tí mo bá fẹ́ pín ẹran fún un ní kékeré.

"Wọ́n ní ẹsẹ̀ ló fà á," ni mo wí. "Wọ́n ní bí kì í bá ṣe ti ẹsẹ̀ ni, ọ̀dọ̀ rẹ ni àwọn ì bá wà."

Ó mí kanlẹ̀. "Mo mọ̀," ni ó wí, ẹ̀rín sì ti padà sí i lóhùn. "Mo mọ̀ pé wọn ò lè fi ọ̀dọ̀ mi sílẹ̀ wá sí Tógò lásán."

Mo gbọ́ Tógò lásán yẹn dáadáa. Gbogbo òtítọ́ náà wà lórí ahọ́n mi, ó gbóná, ẹnu mi sì ti là. Màmá ń wò mí láti orí ẹní. Mo gbé e mì, mo sì bi àbúrò mi bóyá ó tiẹ̀ ti jẹun láti àárọ̀.